Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti adìyẹ: èwo ni ká gbà láyè?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìyẹ nítòsí Ìbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa bí 300 la wà nínú gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Torí adìyẹ la ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n béèyàn bá ṣí i láàárọ̀ báyìí, àdúrà ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òṣèlú, bọ́ọ̀lù, ìkéde òkú, agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹni tó ń ta bàtà, àti ẹni tó ní ká wá fowó síbì kan kó di ìlọ́po méjì. Dókítà ẹran tó máa ń dá wa lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́ jáde lóṣù tó kọjá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn jáde ni. Àwọn kan ní ká fòfin de gbogbo ohun tí kì í ṣe ti adìyẹ. Àwọn kan ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn náà á jáde. Bàbá tó dàgbà jù láàárín wa ló sì ń fi àdúrà ránṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́. Ibo ni ká pààlà sí?"

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Kò sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yẹn, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi í sun yín. Èmi náà ti ń ṣe ádímíìnì gúrúùpù àwa olùsìn adìyẹ láti 2016, mo sì ti ṣe àṣìṣe méjèèjì tí ẹ ń bẹ̀rù: mo ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo sì ti tì í pa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbà tí mo tì í pa, torí òun ló là mí lójú jù.

Ní 2019, ariwo pọ̀ láàárín wa débi pé ẹni tó béèrè oògùn láàárọ̀ lè má rí ìdáhùn títí di alẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ á ti rì sábẹ́ fídíò. Àwa ádímíìnì mẹ́ta jókòó, a kọ òfin ìlà kan: adìyẹ nìkan, ẹni tó bá rú u, a ó yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn, àwọn èèyàn ń dúpẹ́, fóònù wá dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù tí à ń sọ: iye tí kéréètì ẹyin jẹ́, iye tí àgbàdo jẹ́, àti "ta ló ní Lasota nílẹ̀?" (àjẹsára àrùn Newcastle fún adìyẹ ni Lasota). Mo rò pé a ti rí i ṣe.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni àrùn Newcastle wọ ilé adìyẹ ọ̀kan nínú wa. Adìyẹ mẹ́fà kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ àwọn tó kù ń ṣàn, ó dà bí omi ewé, wọ́n ń la ẹnu mí, ọrùn méjì mẹ́ta nínú wọn sì ti lọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin náà mọ ohun tó ń wò, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóru ló ń gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú adìyẹ, tó bá sì di àárọ̀, á tún kọ iye kéréètì tó ní fún títà sórí gúrúùpù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ló tó lanu. Nígbà yẹn, mọ́tò tó ń kó ẹyin lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbé kéréètì òfìfo láti ọgbà rẹ̀ wọ ọgbà ẹni méjì mìíràn. Àrùn yẹn kò sì lóògùn. Bó bá ti wọlé, àjẹsára tí a ti fún wọn ṣáájú nìkan ló lè gbà wọ́n. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè ké, kò bínú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti wà láàárín wa. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ lóṣù tó ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó bá a yọ̀, torí òfin wa kò jẹ́ kó kéde rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣeyebíye tó ìròyìn burúkú tí wọ́n tètè sọ, òun gan-an sì ni ìtìjú àti ọjà kì í jẹ́ kéèyàn sọ. Ẹni tó bá ní adìyẹ òun ń kú lónìí lè má rí ẹni ra ẹyin rẹ̀ lọ́la. Ta lèèyàn lè wá sọ irú ẹ̀ fún? Ẹni tó bá a kẹ́dùn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹni tó kí i kú ewu ọmọ. Ìkíni tí à ń pè ní ariwo yẹn, òun ló ń jẹ́ ká lè sọ òótọ́ fúnra wa lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Nítorí náà, àwọn tó ní kí ẹ fòfin de gbogbo rẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n dókítà yín ti jáde, kò sì dáa kí ẹ sọ pé ó sú òun nìkan ni. Ẹni tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣàánú, bó bá ní láti ré kọjá ọgọ́rin fídíò kó tó rí ìbéèrè kan, ó máa rẹ̀ ẹ́ bó pẹ́ bó yá. Ààlà gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ádímíìnì ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, ṣé ti adìyẹ ni ọ́? Mo ti fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Èyí tí mò ń bi ara mi báyìí ni pé: bí ọ̀rọ̀ yìí bá parí, ta ni kò ní lè béèrè nǹkan mọ́ láàárín wa?

Ẹ gbé e lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Wọ́n kéde ìsọmọlórúkọ, èèyàn ogójì kí bàbá ọmọ, ó parí. Kò sí ẹni tí kò lè béèrè ohunkóhun lọ́la; kódà bàbá ọmọ náà á túbọ̀ rójú béèrè. Àwọn tó ń ṣe Arsenal àti àwọn tó ń ṣe Chelsea bú ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tó di aago mẹ́jọ wọ́n ti jọ ń ná oúnjẹ adìyẹ. Ìyẹn náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, àfi pé ó máa ń pọ̀, mo sì máa padà sórí pípọ̀ yẹn. Ẹ wá wo ọjọ́ tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀yà báyìí báyìí, olè ni gbogbo wọn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti inú ẹ̀yà yẹn wà láàárín yín tí wọ́n ń sin adìyẹ bíi tiyín. Wọn ò ní fèsì. Wọn ò tiẹ̀ ní jáde. Wọ́n á kàn dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ tí wọ́n dákẹ́. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n gbé gbèsè rẹ̀ wá sójú ọpọ́n, àti ìyá tí wọ́n fi pásítọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nítorí wọn ni mo ṣe ń pààlà. Ẹni tó ń pariwo, kò sóhun tó ń ṣe é.

Òṣèlú ló le jù, torí ó máa ń bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọlé pọ̀. Oṣù kejì 2023 ló kọ́ mi bí a ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹ rántí pé àkókò tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ni, tí báńkì kò ní owó tuntun láti san, tí wọn ò sì gba ti àtijọ́ lọ́jà mọ́. Àwọn ìyá tó ń wá kó ẹyin lọ́dọ̀ wa, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń rà. Wọn ò lè wá mọ́. Adìyẹ ò sì mọ̀ pé kò sówó nílùú, ó ń yé lọ. Kéréètì ń ga lórí ara wọn nínú yàrá, oòrùn oṣù kejì sì ń pa wọ́n. Ìdìbò ààrẹ wá bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù náà gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan láàárín wa kọ ọ́ pé: "Mo ní kéréètì 140 nílẹ̀, ta ló ń gba tiránsífà?" Èsì àkọ́kọ́ tó rí ni: "Lọ bi ẹni tí o fẹ́ dìbò fún." Ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀. Èmi fúnra mi jókòó lálẹ́, mo ń fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù sókè, mo sì ń kà. Ọ̀rọ̀ 90 ó lé ni wọ́n sọ lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀. Wọ́n bú olùdíje mẹ́ta, wọ́n bú gómìnà báńkì, wọ́n bú ìyá ara wọn. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dá a lóhùn kéréètì 140.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la kọ òfin tí a ṣì ń lò títí di òní. Ohunkóhun tí èèyàn lè fi ṣe nǹkan nínú ọgbà rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ó láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Àbújá ló ti wá. Báńkì wo ló ń sanwó, POS wo ló ń gba iye wo, ta ló lè fi àgbàdo ṣe pàṣípààrọ̀ ẹyin (àwọn kan ṣe é, ó sì gbà wọ́n), gbogbo ìyẹn láyè. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀, torí alẹ́ yẹn ló yẹ kí ẹlẹ́yin gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, tí owó ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo gun òkè. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi, ta la máa dìbò fún, èwo nínú wọn ló burú jù, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.

Arákùnrin kan ta kò mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Ó ní ẹni tó bá ní ká má sọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹni tó jẹ̀bi ló ń gbè. Mi ò rò pé ó ṣì í sọ. Bí ìyà bá ń jẹ ènìyàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹni tó fi jẹ òun. Ìdí nìyẹn tí ibòmíràn náà fi gbọ́dọ̀ wà lóòótọ́, kó má jẹ́ pé à ń fi ẹnu lásán lé èèyàn jáde. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì láti òkè òkun, torí kì í ṣe àwa nìkan ni wàhálà yìí bá. Àwọn tó ń fi òwú hun súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ ní agbo kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ravelry, láti 2007 ló ti wà. Ní oṣù kẹfà 2019, àwọn tó ni ín kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbè lẹ́yìn Donald Trump àti ìjọba rẹ̀ níbẹ̀ mọ́; wọ́n ní gbígbè lẹ́yìn wọn kò yàtọ̀ sí gbígbè lẹ́yìn àwọn tó gbà pé aláwọ̀ funfun ló ga ju gbogbo ẹ̀yà lọ. Wọ́n fi kún un pé ẹni tó fẹ́ràn ìjọba náà ṣì lè wà láàárín àwọn, kó ṣáà má sọ ọ́ níbẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, inú ọ̀pọ̀ náà sì dùn. Èmi kò ní kí ẹ gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ wa yàtọ̀ sí tiwọn. Ohun tí mo kọ́ lára wọn ni pé wọ́n dárúkọ ohun tí wọn ò fẹ́, wọ́n sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Kò sẹ́ni tó ń méfò. Bí òfin yín bá kàn ní "ẹ yéé sọ ìsọkúsọ," ìsọkúsọ ẹlòmíràn ni oníkálukú máa rò pé ẹ ń bá wí.

Èkejì ni ti ilé-iṣẹ́ Basecamp tó ń ṣe sọ́fítíwíà ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin 2021, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fòfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ àwùjọ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti jọ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò tó 60. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe òfin náà nìkan ló lé wọn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń gbóná láàárín wọn, nípa ìwé kan tí àwọn kan ti ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí láti ọdún pípẹ́ láti máa fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òfin dé láàárín ìjà yẹn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé, ẹ panu mọ́ lórí rẹ̀. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òfin jáde lọ́jọ́ ìjà. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ààlà. Òfin tí ẹ bá ṣe nígbà tí ẹnìkan ṣì ń bínú, ẹni yẹn á gbà pé nítorí òun ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìbéèrè mi nípa ẹni tó máa dákẹ́ kò mú, torí wọn kì í dá ìjà sílẹ̀ rárá. Gbogbo èèyàn á máa dúpẹ́, wọ́n á máa ṣàmín. Mo rántí oṣù kẹjọ 2014, nígbà tí Ebola ti wọ Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù mi ti dún lẹ́ẹ̀mẹfà: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Àwọn tó fẹ́ràn mi ló ń pè mí. Èèyàn mu ún káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, àwọn kan sì kú, láìjẹ́ pé Ebola dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò jà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni MMM, tó ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ìyá kan láàárín wa fi owó oúnjẹ adìyẹ rẹ̀ sí i torí ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú gúrúùpù ti rí tirẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kejìlá 2016 ni wọ́n dá owó dúró. Àwọn adìyẹ ìyá náà ti ń yé dáadáa nígbà yẹn; ó tà wọ́n bí ẹni ta òkú, torí kò lè bọ́ wọn mọ́.

Lórí méjì yìí, ìwòsàn àti owó elérè ìlọ́po, mi ò ní kí ẹ gbèrò rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè fi ohun kan tí ojú rí ṣe àmì fún wọn: WhatsApp máa ń fi ọfà méjì sórí ọ̀rọ̀ tó ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ìlera tàbí ọ̀rọ̀ owó tó bá ti ru ọfà méjì kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni yòówù kó gbé e wá. Bí ẹni náà bá gbà pé òótọ́ ni, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sọ ibi tó ti rí i. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa ni mùsùlùmí, ọmọlẹ́yìn Jésù àti onísẹ̀ṣe ti ń jẹun nínú àwo kan náà, nítorí náà mi ò gbà pé ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. A máa ń kí ara wa kú ọdún Iléyá, a ń kí ara wa kú ọdún Kérésì, a sì ń kí àwọn onísẹ̀ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ. Bí ẹnìkan bá ṣòfò, ẹ jẹ́ kí kálukú fi ẹ̀sìn tirẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ohun tí à ń dá dúró ni ìwàásù: ohùn ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n gbà sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹni tí kò béèrè pé ọ̀nà rẹ̀ kò tọ́. Àdúrà tó ń gbé èèyàn ró láyè. Èyí tó ń bá ẹnìkan wí lábẹ́ aṣọ, ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjà títà, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwòrán méjì. Ìkéde òkú, kí ádímíìnì kan ṣoṣo máa kéde rẹ̀, kí a lè bá ẹni náà kẹ́dùn lójú kan dípò ibi mẹ́wàá.

Ó wá ku pípọ̀ tí mo ní mo máa padà sí, àti ibòmíràn tí mo ṣèlérí fún arákùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ tó dára náà lè pọ̀ débi tó fi máa bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2022 ni WhatsApp ti gbà kéèyàn kó gúrúùpù bíi mélòó kan sábẹ́ òrùlé kan. Mẹ́ta la ní. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkéde, àwọn ádímíìnì nìkan ló ń kọ̀wé síbẹ̀, iye owó àárọ̀ àti ìkìlọ̀ àrùn. Èkejì ni ti iṣẹ́. Ẹ̀kẹta la sọ ní Abẹ́ Igi, ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù, òṣèlú, àwàdà àti ta-ló-jẹ̀bi ń gbé. Kò sẹ́ni tí a fi ipá fà wọ Abẹ́ Igi, ẹni tó fẹ́ ló ń wọlé. Àwa ádímíìnì náà máa ń wà níbẹ̀, torí ibi tí ẹ bá lé èèyàn lọ tí ẹ kì í yọjú sí, àwọn náà á mọ̀ pé ààtàn lẹ pè é. Bíbú ẹ̀yà, ọ̀rọ̀ owó ìlọ́po àti oògùn ọlọ́fà méjì kò sì láyè níbẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ má kó ìkíni lọ sí Abẹ́ Igi. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ wọn padà gbẹ bí tiwa ní 2019. Ìsọmọlórúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, ẹni tí iná jó ilé adìyẹ rẹ̀, ibi iṣẹ́ gan-an ni kí wọ́n wà. Wọ́n máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì lọ.

Lórí bí ẹ ṣe máa mú òfin ṣẹ, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí lójú agbo. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, bó bá sì jẹ́ àgbà, ẹ má kọ̀wé, ẹ pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ tó yọ èèyàn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó lè padà wọlé fún un. Ọ̀rẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òfin mú, kó hàn sí gbogbo èèyàn pé ẹ ò ṣe ojúsàájú.

Dókítà yín, ẹ má tíì bẹ̀ ẹ́. Ẹ to ilé yín ná. Nígbà tí ibi iṣẹ́ bá ti fara rọ fún oṣù kan, ẹ pè é, ẹ fi wákàtí kan lọ̀ ọ́: Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ nìkan. Kí ẹ kó ìbéèrè jọ ṣáájú, kí ẹ ti gúrúùpù kí ó jẹ́ ádímíìnì àti òun nìkan ló lè kọ̀wé ní wákàtí náà. Èyí tó ń bá wa ṣe é lọ́dọ̀ wa ní ohun tó wu òun nínú rẹ̀ ni pé òun mọ ìgbà tó máa parí.

Bàbá tó ń ṣàdúrà ní aago márùn-ún ló kù. A ní irú wọn. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé kí n tó pè wọ́n, mi ò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú, àwọn nìkan ló ń jí lọ wo adìyẹ lókùnkùn, bí àwọn bá sì ti fi àdúrà yẹn ránṣẹ́ tí ẹnìkan ṣàmín, àwọn mọ̀ pé ẹlòmíràn ti jí. Mo bi wọ́n bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ yẹn. Wọ́n sọ ọ́ fún mi kínníkínní: ibi tí ìkùukùu wà, bí ilẹ̀ ilé adìyẹ ṣe tutù sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣàdúrà fún wa ní Ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì máa sọ ojú ọjọ́ fún wa láwọn ọjọ́ yòókù. Láàárọ̀ àná, ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kọ ọ́ pé òjò ti ń rọ̀ láti aago mẹ́ta, òtútù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ní ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan nílẹ̀ dìde lọ fi èédú kún iná. Èèyàn mọ́kànlá ti dá wọn lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́.